Fáólìn Kejì

Èmi ni fáólìn kejì.
Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi jẹ́ èkíní.
Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnmádé ló jókòó sí ipò yẹn,
awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
tó ti wọn ilẹ̀ láti Ọ̀bá-Ilé dé Ìlárá,
tó sì gbà pé orin náà ní ààlà, ó ní òpó sìmẹ́ńtì mẹ́rin,
kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ré e kọjá.

Ìbídùnní nọ́ọ̀sì ló ń ta fíólà.
Yúnífọ́ọ̀mù ló máa ń wọ̀ wá, kó lè gba ibẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ òru;
òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù a sì dúró lára àga di ọjọ́ kejì.
Lógbosére káfíńtà ló ni ṣẹ́lò,
èyí tí ìdí rẹ̀ ti là rí,
tó fi pákó tó ṣẹ́kù lára pósí bàbá rẹ̀ dí i.
"Ohùn bàbá mi ló wà ńbẹ̀ yẹn," ló máa ń wí,
á tún rẹ́rìn-ín: "Bàbá mi ò sì mọ orin kọ."

Mẹ́rin péré.
Kò sí adarí tó ń ju ọ̀pá níwájú wa.
Èémí la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀:
Akínrìnmádé á fa afẹ́fẹ́ símú,
èjìká rẹ̀ á gbéra díẹ̀,
àwa náà á gbéra,
bíi tọkọtaya tó ti pẹ́ nílé,
tí ìyàwó ti mọ̀ pé omi ni ọkọ fẹ́ béèrè
kó tó yíjú sí ìdí àmù.

Iṣẹ́ tèmi kò pọ̀.
Bí èkíní bá ń rà bàbà bí àwòdì lórí òkè Ìdànrè,
èmi a máa wí pé: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni,
nóòtì mẹ́ta, nóòtì mẹ́ta,
bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ.
Ìyá mi wá gbọ́ wa lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní, "Ó dára púpọ̀. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo ta tìrẹ?"

Ọjọ́bọ tó kọjá, ní pálọ̀ kan l'Ókè-Àró,
ènìyàn méje ló wá gbọ́ wa;
bí a bá ka ọmọ tó ń sùn mọ́ wọn, wọ́n di mẹ́jọ.
A ti gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò, a ti pa fáànù
torí ó ń ṣí ìwé orin wa láìtíì tó àkókò.
A dé apá kejì, ibi tó lọ́ra,
tó tutù bí ilẹ̀ ilé alámọ̀,
ni wọ́n bá mú iná lọ.

N kò ní purọ́: gbogbo wa ló yẹ ká dúró.
Akínrìnmádé dúró. Awọnlẹ̀ kì í rìn láìsí máàpù.
Fíólà sọ gbólóhùn kan sí i, òun náà dákẹ́.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọwọ́ tèmi?
Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni,
ó ń lọ nínú òkùnkùn
bí ẹni tí wọn kò sọ fún pé ọjà ti tú.
Mo gbọ́ ara mi.
Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, mo gbọ́ ara mi.
Ohùn náà kéré. Ó gbẹ díẹ̀ létí.
Kò burú.

Ìgbà yẹn ni pákó pósí kùn hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi:
Lógbosére ti ń wá mi bọ̀,
bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ìbídùnní wọlé. Ẹni tó ti ń wá iṣan lápá aláìsàn
lóru tí kò síná, òkùnkùn kò le bà á lẹ́rù.
Awọnlẹ̀ ló dé kẹ́yìn, ó rọra,
ó ń tẹ̀ lé mi.
Èmi ni ó ń tẹ̀ lé.

Òjò sì dé. Páànù Òkè-Àró kò mọ àpọ́nlé,
ó gba orin náà lẹ́nu wa pátápátá.
A ta á parí láìsí ẹni tó gbọ́
àfi àwa mẹ́rin, orúnkún kan orúnkún.

Nígbà tí iná dé, tí àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè,
a ti sọ ọwọ́ kalẹ̀.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́; wọn kò mọ̀ pé ó ti parí.
Akínrìnmádé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó nù ún,
ó ní, "Mo rò pé o sáré díẹ̀ níbẹ̀ yẹn."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."